Igi Tí Ọkọ̀ Tagona Jẹ

Àlejò mẹ́rìnlá ló yí mi ká lókè ọkọ̀ ojú omi Tagona lọ́jọ́ tí mo pa irọ́ yẹn. Ọkọ̀ náà ò rìn mọ́. Wọ́n ti fà á gòkè sétí odò Yukon kí wọ́n tó bí màmá mi, iṣẹ́ àwa ọmọ iléèwé tó wà ní ìsinmi sì ni láti máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tó bá wá wò ó.

“Kí ni àwọn èèyàn tìẹ ṣe nínú ọkọ̀ yìí?” ọkùnrin kan bi mí.

Mo mọ ìdáhùn. Agégi ni bàbá ńlá mi, Peter Alfred. Ní gbogbo ìgbà òtútù ló máa ń gé igi jọ sétí odò, kí Tagona lè rí nǹkan dáná sí ẹ̀rọ rẹ̀ tí yìnyín bá ti yọ́. Àmọ́ Travis, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ọkọ̀ ni bàbá ńlá tiẹ̀. Ojú tì mí.

“Bàbá ńlá mi ló ń tu ọkọ̀ yìí, òun ló ń fọ̀nà odò han ọ̀gá ọkọ̀,” ni mo wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Màdáàmù Hobbs, ọ̀gá wa, pè mí. “Renelle, mo gbọ́ ohun tí o sọ fáwọn àlejò. O ò sì sọ fún wa látọjọ́ yìí! Sam Luke la fẹ́ kọ sórí pátákó ìrántí tuntun pé ó tu Tagona, ṣùgbọ́n a ò rí ẹlẹ́rìí. Orúkọ bàbá ńlá ẹ la máa kọ ní Fúráìdé.”

Màmá àgbà ń la ẹja tí a fẹ́ sá nígbà tí mo sọ fún wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ bú sí.

“Bàbá mi? Ẹni tí kò lè tu ọkọ̀ kékeré sọdá odò láìforí sọ òkúta!” Lójijì, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Sam Luke ló tu Tagona. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ pa mí ní kékeré, òun ló fi ọkọ̀ sáré gbé mi dé ilé ìwòsàn kí odò tó di yìnyín. Orúkọ ẹ̀ lo fẹ́ pa rẹ́? Bàbá mi wá ń tì ẹ́ lójú? Igi tó gé ni ọkọ̀ yẹn jẹ. Láìsí i, ibi tó bá dúró sí náà ló máa wà!”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo pinnu pé màá jẹ́wọ́. Níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Travis.

“Ṣé orí ẹ pé ṣá?” ni Travis wí. “Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?”

“Èmi mọ̀,” mo dá a lóhùn, mo sì kan ilẹ̀kùn Màdáàmù Hobbs.

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Màmá àgbà náà wá jẹ́rìí fún Sam Luke. Màdáàmù gba fìlà iṣẹ́ lórí mi.

“Ẹni tó purọ́ fún àlejò ò lè mú àlejò kiri mọ́. Lọ máa ha ọ̀dà tó ń bó lára ọkọ̀ títí iléèwé á fi wọlé.”

Mo ha á. Ọwọ́ mi lé ròrò, n ò sì fi sílẹ̀.

Ní Fúráìdé, ọmọ Sam Luke, ìyá arúgbó kan, fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ bàbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Orúkọ Peter Alfred ò sí níbì kankan lára pátákó náà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé èmi tí mo ní mo fẹ́ gbé bàbá ńlá mi ga, ńṣe ni mo fẹ́ sọ ọ́ di olè tó jí iṣẹ́ ẹlòmíì. Iṣẹ́ òótọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Irọ́ tí a fi bò ó mọ́lẹ̀ gan-an ni ìtìjú.

“Ṣé ó dùn ẹ́ pé orúkọ wa ò sí níbẹ̀?” Màmá àgbà bi mí.

“Ó dùn mí, mà.”

“Ó yẹ kó dùn ẹ́. Ó yá, padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ.”

Mo sì padà.