Aṣojú Ọkọ Labeebah

Ọkùnrin tó ṣojú ọkọ níbi yìgì Labeebah kò jẹ, kò mu. Bí wọ́n ti ṣe àdúà tán ló bọ́ síta, wọn ò sì rí i mọ́. Ní Ẹdẹ wa yìí, níbi tí ẹni tí wọn ò pè pàápàá ti ń bèèrè pé ẹran òun dà, ó yẹ kí ìyẹn kọ ẹnìkan lóminú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdùnnú, ta ló ń ṣọ́ ẹnu àlejò?

Tawheed, ọkọ ìyàwó, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ní kí àbúrò òun, Ọládòṣù, bá òun gba ìyàwó, àmọ́ ọ̀kadà Ọládòṣù taku sí Sékọ́nà. Kí ó tó dé, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun wọlé, ó sì jókòó sí àyè aṣojú ọkọ. Ará ilé ìyàwó rò pé ará ilé ọkọ ni. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tó wá láti ilé ọkọ rò pé àwọn àna ló wá ẹni tó máa rọ́pò Ọládòṣù. Nígbà tí Alfa bi í, ó ní, “Mo gbà á.” Bàbá Labeebah bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bàbá sọ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ náà tutù bí ẹ̀gbẹ́ amù, ó sì ń run káfúrà.

Tawheed nìkan ni Labeebah fẹ́ láyé. Láti Pólì ni wọ́n ti ń bá ìfẹ́ wọn bọ̀. Ó ti ta maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ti di ẹrù, fìsà nìkan ló kù.

Lọ́ọ̀yà tó ń bá wọn ṣe ìwé fìsà kò rí wàhálà kankan nínú yìgì náà. Ó ní lórí fóònù pé, “Bí òfin ọ̀dọ̀ yín bá ti gba yìgì aṣojú, àwọn Òyìnbó náà á gbà á. Kí ẹni tó dáhùn fún ọkọ ṣáà lọ búra ní kóòtù.”

Labeebah wá Ọládòṣù lọ.

“Èmi kọ́, ìyàwó wa,” ni Ọládòṣù wí. “Nígbà tí mo dé, ẹ ti ń pín oúnjẹ. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ wá ẹlòmíràn.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eje lọ. Labeebah gbé fídíò yìgì náà tọ Alfa lọ. Alfa gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ojú rẹ̀ sì fà ro.

“Kò dárúkọ Tawheed,” ló wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. “Ara rẹ̀ ló gbà ọ́ fún, ọmọ mi. Àfi ká rí i, kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ná.”

Àwọn méjèèjì gba agboolé àwọn Tawheed lọ, lọ́dọ̀ Màmá Fàtímọ̀, ìyá-ńlá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wá síbi yìgì. Ojú màmá ti fọ́, etí wọn ló kù tí wọ́n fi ń dá ará ilé wọn mọ̀. Ọ̀sán gangan ni, òrùlé páànù ń ta pàù pàù nínú oòrùn. Labeebah tẹ fóònù.

“Mo gbà á.”

Tẹ̀súbáà já bọ́ lọ́wọ́ màmá.

“Ahmad,” ni wọ́n wí. “Àkọ́bí mi.”

Ahmad ti kú kí wọ́n tó bí Tawheed, nígbà tí yìgì tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Láìníyàwó, láìlọ́mọ ni wọ́n sin ín.

Labeebah kúnlẹ̀. “Alfa, ṣebí ikú ti tú u? Òkú kì í láya.”

Alfa ti fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà yàrá tó jẹ́ ti Ahmad. “A mọ̀ pé ikú ń tú yìgì, ọmọ mi,” ló wí. “Èyí tí wọ́n so lẹ́yìn ikú, mi ò mọ ohun tó ń tú u.”

Ẹkún gba ẹnu Labeebah. “Màmá, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá Tawheed. Ọmọ yín lòun náà.”

Màmá ní, “Tawheed á rí òmíràn fẹ́. Ẹni tó wà láyé kì í wá aya tì. Èyí tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́?”

Wọ́n fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, ọwọ́ wọn ba búútà àlùwàlá. Wọ́n da omi sí Labeebah lẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti í ṣe fún ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín ìyá tí Ọlọ́run gbọ́ àdúà rẹ̀.

“Káàbọ̀, ìyàwó mi,” ni wọ́n wí. Wọ́n kọjú sí yàrá. “Ahmad! Jáde wá. Ìyàwó rẹ ti dé.”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n Alfa wo ẹ̀yìn, ó sì rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti í yà fún ẹni tó fẹ́ kọjá.