Nọ́mbà Mẹ́fà Tí Nọ́ọ̀sì Ìdíátù Kà Jáde

Nọ́ọ̀sì Ìdíátù ń wo ikùn aláboyún kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù iṣẹ́ rẹ̀ dún. Òun ló ni ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Pápá Àjàó. Ìyá Àbíyè ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ìyá Àbíyè wa! Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọwọ́ yín ò ní ṣìṣe láé," ni ọkùnrin kan wí.

"Àmín o! Ẹ ṣé gan-an."

"Láti ọ́fíìsì ìlera ni, Mà. A fẹ́ fi yín sí group WhatsApp tuntun. Nọ́mbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á."

Nọ́mbà náà wọlé lóòótọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ìdíátù rí i. Àmọ́ ẹni tó ṣàdúrà fún un báyẹn, ó nira láti bi í pé ta ni. Ó kà á jáde, ó tún kí i pé ó kú làálàá.

Kò mọ̀ pé ó ti gbé WhatsApp ilé ìgbẹ̀bí fún olè. Ní ọ̀sán yẹn, nọ́ọ̀sì kejì, Ṣìmí, ya fọ́tò àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláboyún kan tó ń jẹ́ Shakirat, ó sì fi sórí group àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, níbi tí olè ti ń wò. Shakirat ní kòkòrò HIV. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ fún ọkọ òun.

Kò pẹ́ tí olè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ìdíátù: "Ẹ fowó ránṣẹ́, tàbí kí ọkọ Shakirat rí fọ́tò yìí."

Ìtìjú mú un. Ó fẹ́ rọra sanwó kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Nígbà tó yá ló pe àbúrò rẹ̀, Tàjùdéèn, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san kọ́bọ̀. Tí ẹ bá san án, á tún padà wá ni."

Tàjùdéèn wá bá a, ó fi nọ́mbà ilé ìgbẹ̀bí forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun lórí WhatsApp, olè bá já kúrò. Ó tún fi nọ́mbà ìkọ̀kọ̀, ìyẹn PIN, tì í pa.

"Ó ti jáde, àmọ́ fọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún obìnrin yẹn kó tó gbọ́ lẹ́nu olè."

"Tàjù, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ojú yìí náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ìdíátù lọ sílé Shakirat. Àgbàlagbà bí i tirẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tó lè bí, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Shakirat fa àga kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Mà. Ẹ jókòó síbẹ̀. Tí ọkọ mi, Bàbá Habeeb, bá dé, ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ ọ́."

Ìdíátù jókòó. Kò lè gbójú sókè títí ọkọ Shakirat fi wọlé.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má ka nọ́mbà tó bá wọlé sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó mọ̀ yín tó. Ẹ fi nọ́mbà ìkọ̀kọ̀ ti WhatsApp yín pa. Àbájáde àyẹ̀wò aláìsàn kì í ṣe ohun tí à ń jù sórí group. Bí olè bá sì wọlé, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀: ẹni tó ni àṣírí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́nu yín.