A Kì Í Gé Aṣọ Èèyàn Méjì Nínú Yáàdì Kan

"Ogún oṣù gbáko ni ìyá mi fi lóyún mi, omi lásán ló ń mu! Ọjọ́ tó bí mi, mo dìde nílẹ̀, mo gbé ìyá mi pọ̀n, mo sì gbé e délé!"

Àsọdùn, ẹni tó ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń yan kiri bí ẹni tó ṣẹ́gun ayé méje. A rẹ́rìn-ín títí, ó kù díẹ̀ kí páànù òrùlé ṣí lọ.

Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, tó jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó tín-ín-rín débi pé bí o bá fa òwú gba ihò etí rẹ̀, wàá rí i fi ránṣọ.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó wí?" ni Àǹtí bi í. "Àbọ̀ oúnjẹ ti tó ọ. Ọmọ kékeré ló ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́."

Àsọdùn sún mọ́ abọ́ ọmọ náà, tí ẹyin sísè kan wà nínú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n máa bá a dín in kù. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí!"

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àánú rẹ̀ ti jẹ ẹ̀wà, ó ti jẹ ẹja, kò sì yó.

Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wá rán aṣọ iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ dìde láti wọ̀n ọ́n, ni òòyì bá kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì gbá a mú, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ojú rẹ funfun. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Àbọ̀ oúnjẹ, Mà. Kí ọmọ má baà tóbi."

Nọ́ọ̀sì gba téèpù, ó fi yí apá ọmọ náà ká. "Àǹtí, ẹ wo apá aláboyún! Irọ́ gbáà ni pé ebi ń mú ìbímọ rọrùn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá lè má tó, ọmọ lè ṣàìlágbára, àwọn méjèèjì sì lè bọ́ sínú ewu."

Àǹtí fajú ro. "Nọ́ọ̀sì, èmi ni mò ń bọ́ ọ."

Abẹ́rẹ́ di etí tábìlì mú, ó nàró. "Àǹtí, ẹ foríjì mí, mi ò ní dákẹ́ lónìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé aṣọ ọmọ tó ń dàgbà, ká fi àlékún sí ìṣẹ́tí rẹ̀. Èmi náà ṣì ń dàgbà! Ọmọ inú mi ń dàgbà! Èèyàn méjì lẹ fẹ́ gé aṣọ fún nínú yáàdì kan, ẹ tún wá gé yáàdì ọ̀hún sí méjì!"

Àǹtí gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí," ó wí. "Kí ni kí n máa fún un?"

"Kó máa jẹun yó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó sì máa jẹ ìpápánu sí i," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. " Ẹ̀wà, ẹja, mílíìkì, ẹyin tó jinná dáadáa, ẹ̀fọ́ àti èso. Kó máa wá sí ilé ìwòsàn déédéé, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a bá fún un, kó má fi tíì gbé e mì. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ lóyún, ẹnikẹ́ni tó bá ní ebi ló yẹ yín, ẹ sọ fún un pé rárá! Ọmọ mi, ó yá, tẹ̀lé mi ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò."

"Jẹ ẹyin rẹ ná," ni Àǹtí wí.

Abẹ́rẹ́ ṣí abọ́. Òfìfo!

Gbogbo wa yíjú sí Àsọdùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù.

"Ẹyin dà?" ni Àǹtí bi í.

Ó mi orí.

"Ìwọ tó gbé ìyá rẹ pọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ," ni Àǹtí wí, "o ò lè la ẹnu?"

Abẹ́rẹ́ fún un nímú pọ́. Ẹnu là, ẹyin fò jáde lódindi!

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó," ni ọmọ náà wí, "kì í ṣe mímì fún adìẹ. Oúnjẹ mi náà kì í ṣe mímì fún ọ mọ́!"

Àsọdùn fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Eré ọ̀hún, ìjì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n!