Sikúta Tí Uswat Yẹ̀ Wò

“Kí lo rí?”

Uswat sùn sílẹ̀ lórí páálí, ó ń fi iná fóònù wo abẹ́ máṣíìnì náà. “Orí nọ́ọ̀tì kan ti họ, Bàbá. Sípánà ti kàn án rí.”

“Ọ̀kan péré?”

“Ọ̀kan péré. Èyí tó di sàláńsà mú. Gbogbo ìyókù mọ́.”

Bàbá Làsísì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì tó ń dún lọ́wọ́, ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ojú ọ̀nà ni ìyẹn ti tú, wọ́n sì dì í padà. Ẹ máa gbé e lọ, ọ̀gá. Máṣíìnì gidi lẹ rà.”

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán mi ló kọjú sí àtíbàbà wọn nígbà náà, ní Ìfàkò-Ìjàyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ní ìlú tí mò ń gbé báyìí, mo lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin yẹn lábẹ́ máṣíìnì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Làsísì, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún máṣíìnì ṣe. Àsìkò tí mò ń sọ yìí, sikúta ló gbòde. Máṣíìnì kékeré ni, tí èèyàn ń jókòó sí bí ẹni jókòó sórí àga, tí obìnrin lè gùn láìká ìró sókè. Inú kọ̀ńténà ló ń gbà dé. Bó bá ti dé Orẹ̀gùn, àwọn oníṣòwò á bó orúkọ tó gbé bọ̀ láti òkè òkun dànù, wọ́n á sì lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Nítorí èyí, àwọn èèyàn a máa sọ pé ayédèrú ni gbogbo wọn.

“Orúkọ tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀,” ni Bàbá Làsísì máa ń dá wọn lóhùn. “Èmi tí ẹ ń wò yìí, Àjàní ni ìyá mi àgbà ń pè mí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ.”

Àwọn tó ń bí i nínú ni àwọn tó ń gbé ike tuntun wọ tókúnbọ̀, tí wọ́n sì ń tà á bíi tuntun. Ó kọ́ Uswat bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Nọ́ọ̀tì máṣíìnì tuntun kì í họ lórí. Rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kì í tíì dán. Nọ́ńbà ara irin gbọ́dọ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, kò gbọdọ̀ dà bíi pé ẹnì kan ti fi fáìlì ha á. Bó bá ti sọ pé “ẹ máa gbé e lọ,” ọkàn ẹni tó fẹ́ rà á balẹ̀.

Ohun kan wà tí òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan mọ̀, tàbí tí wọ́n rò pé àwọn nìkan mọ̀. Ojú Bàbá ti ṣú. Ó lè mọ̀sán yàtọ̀ sóru, ó lè mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri, ṣùgbọ́n kò rí orí nọ́ọ̀tì mọ́. Bó bá ní “kí lo rí?” àwọn oníbàárà rò pé ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni. Wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ló ń bi í.

Ọdún tí Uswat pé mẹ́rìndínlógún ni Nọ́ọ̀sì Ojúọlápé wá bá wọn. Obìnrin yìí máa ń lọ láti ilé dé ilé, títí dé Ọmọ́lé, láti tọ́jú àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, ẹsẹ̀ náà sì ti ń wú.

“Bàbá Uswat, ẹ bá mi dé Orẹ̀gùn. Mo ti rí sikúta funfun kan tí mo fẹ́. Bí ẹ bá ní ó dáa, ó dáa nìyẹn.”

Ní ilé ìkẹ́rùsí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró tó ń ta sikúta náà, Uswat tẹ́ páálí rẹ̀, ó sì wọ abẹ́ sikúta náà. Orí nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ti họ. Bó ṣe tan iná sí abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó rí ìlà kan tó wú lára irin, tí wọ́n fi ọ̀dà bò. Wẹ́dà ti jó irin náà pọ̀ níbi tó ti kán rí. Kó tó lanu, Olúgbénró ti ń pè é.

“Àǹtí kékeré, wá gba omi tútù fún Bàbá nínú ọ́fíìsì.”

Ó tẹ̀ lé e wọlé. Ọkùnrin náà rọra pa ilẹ̀kùn dé.

“Ojú Bàbá ẹ ò ríran mọ́, àbí?”

Uswat wo ilẹ̀kùn.

“Mo na ọwọ́ sí wọn lẹ́nu géètì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n dì mú. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni o. Torí bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé afọ́jú ló ń yẹ máṣíìnì wò fún wọn, ta ló tún máa wá? Ìwọ náà ṣe jẹ́jẹ́. Ohun tó o rí lábẹ́ ibẹ̀ yẹn, fojú fò ó.” Ó gbé omi lé e lọ́wọ́.

“Kí lo rí?” ni Bàbá bi í nígbà tó padà dé.

Uswat wo Nọ́ọ̀sì, tó ti ń fi ọwọ́ pa ìjókòó funfun náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó wo ojú bàbá rẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ó mọ́.”

Bàbá tan ẹ́ńjìnì, ó tẹ́tí. Ẹ́ńjìnì náà dára ní tòótọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ò ní ohùn. “Ẹ máa gbé e lọ, Nọ́ọ̀sì,” ló wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní Ọmọ́lé, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń gun òkè kékeré tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù, irin náà kán sí méjì níbi tí wẹ́dà ti jó o. Ó ṣubú, egungun ọwọ́ òsì rẹ̀ kán.

Ìgbà tí Uswat ń ti ilé ìwé bọ̀ ló gbọ́. Mò ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí táyà, kò bọ́ aṣọ ilé ìwé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bàbá Làsísì ń fi àkísà nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. “Torí mi lo ṣe purọ́?”

“Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀, Bàbá.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́, Uswat. Mò ń díbọ́n pé mo rí ohun tí mi ò rí. Mo wá di ẹrù irọ́ náà lé ọ lórí, ìwọ ọmọ kékeré.” Ó dìde. “Fà mí lọ́wọ́. Fà mí gba àárín títì lọ, kí gbogbo àdúgbò rí i pé wọ́n ń fà mí lọ́wọ́.”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì wà lórí àga ní pálọ̀ rẹ̀, ó so ọwọ́ kọ́ ọrùn.

“Nọ́ọ̀sì,” ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, “ojú mi ti fọ́. Ó ti lé ní ọdún kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Ta ni ò mọ̀, Bàbá Uswat?” ni Nọ́ọ̀sì dáhùn. “Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti kí mi ní ‘ẹ kú àárọ̀, Pásítọ̀.’ Mo sì dáhùn.”

Ẹ̀rín ò yẹ wá lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín, Bàbá gan-an rẹ́rìn-ín. Uswat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo àdúgbò ló mọ̀,” ni Nọ́ọ̀sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Etí yín la mọ̀, ojú Uswat la mọ̀. Àwọn méjèèjì yẹn la fọkàn tán tí a fi ń wá.” Ó yíjú sí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ ò sì le rárá. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi, ọmọ mi?”

Ká ní ó nà án ni, ì bá sàn. Uswat dorí kodò, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti bàbá rẹ̀ padà sí Orẹ̀gùn. Níwájú àwọn oníbàárà Olúgbénró, ó ka orí nọ́ọ̀tì márààrún, ó júwe ojú wẹ́dà, ó sì fi kún un pé, “Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, mo sì purọ́.” Ó sọ ọ́ dé òpin. Olúgbénró gba sikúta náà padà, ó sì dá owó Nọ́ọ̀sì padà, torí ojú àwọn èèyàn tó pọ̀ lára rẹ̀. Fún odidi oṣù méjì, bí Uswat bá ti jáde nílé ìwé, òun ló ń gbé àpò Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n jọ ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé ìyá ọmọ kan sí òmíràn. Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà wá kíákíá. Àwọn kan ò tilẹ̀ padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, orúkọ ara máṣíìnì, ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í tètè ní àrọ́pò bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí a pa nítorí ẹni tí a fẹ́ràn, irọ́ náà ni, orí ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa ń já lé. Bí ẹnì kan bá gbé ara lé ojú rẹ, sọ ohun tí o rí fún un, kódà bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ nítorí bàbá rẹ.