Ẹnu Nazzareno, Ohùn Ferruccio

"Ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ, kí o sì ranjú bí ẹni tó fẹ́ pààyàn," ni Zaccagnini, ọ̀gá tó ń náwó sí fíìmù náà, wí láti abẹ́ agboòrùn rẹ̀.

Nazzareno gbé ọwọ́ lé ìbọn onígi tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó dojú kọ ọkùnrin ará Jámánì kan nínú eruku ibi ìfọ́kùúta lẹ́yìn ìlú Róòmù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òǹkà. Ará Jámánì náà fi èdè tirẹ̀ dá a lóhùn. Ẹnì kan ò gbọ́ èdè èkejì, kò sì sẹ́ni tó bìkítà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya fíìmù ẹlẹ́ṣin oníbọn láyé ìgbà náà. Tí wọ́n bá ya àwòrán tán, àwọn mìíràn á jókòó sínú yàrá, wọ́n á fi ohùn tiwọn sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Ferruccio, bàbá sísanra kan tí orí rẹ̀ ti pá, ló ń sọ̀rọ̀ dípò Nazzareno.

"O mọ ẹṣin gùn, ojú ẹ sì le," ni Zaccagnini wí. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, à ń lọ sí Sípéènì. Ìwọ lo máa ṣe olórí òṣèré."

Orí Nazzareno wú, àmọ́ àyà rẹ̀ já. "Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ yẹn la máa ṣèdánwò àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ eré. Ẹni tó bá yege ni wọ́n á mú wọ ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé."

"Kí lo fẹ́ fi ẹnu ṣe? Ṣebí Ferruccio ló ń sọ̀rọ̀ dípò ẹ. Àbí o fẹ́ dúró sórí ìtàgé kí ìyá ẹ nìkan máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Láti òní lọ, Rex Calder ni ẹ́, ọmọ òrukàn láti Texas. Má jẹ̀ẹ́ káwọn oníwèé ìròyìn gbọ́ ohùn ẹ o."

Ìyá rẹ̀, Sora Elvira, ń lọ aṣọ oníbàárà nínú ilé wọn ní Trastevere, àdúgbò kan ní Róòmù, nígbà tí ó gbọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Ọmọ òrukàn? Èmi tí mo dúró síbí yìí, mo ti kú ni?"

"Màmá, iṣẹ́ ni. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ Amẹ́ríkà. Ta ló máa sanwó wo Nazzareno?"

Loredana, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ fẹ́ ṣe eré kan níbi ìdánwò, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tí o bá lọ, ta ni kí n bá ṣe é?"

"Wá ẹlòmíì. Kò séèyàn tó ń wo eré orí ìtàgé mọ́."

"Sọ pé o ò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí o máa sọ nínú eré. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó bá wọn lọ sí Sípéènì.

Fíìmù náà tà bí nǹkan míì. Wọ́n lẹ àwòrán Rex Calder mọ́ ògiri káàkiri. Àwọn ọmọbìnrin ń kí i, ṣùgbọ́n orí ló ń mì sí wọn, nítorí tó bá lanu báyìí, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ Trastevere ni. Zaccagnini kò fẹ́ kó máa yọjú sílé ìyá rẹ̀ pàápàá, nítorí ọmọ òrukàn ni wọ́n pe Rex. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Yóò mu kọfí dé ìdajì, yóò dìde, yóò lọ jókòó síbòmíràn, ibẹ̀ náà kò ní gbà á. Nínú sinimá, tí Ferruccio bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, táwọn èèyàn sì mí kanlẹ̀, ńṣe ló máa ń jowú bàbá náà.

Nígbà tó yá, ó lọ bá Zaccagnini. "Ọ̀gá, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́ ká gbọ́."

Wọ́n wọ yàrá ohùn. Ferruccio dìde fún un. Wọ́n tan àwòrán, Nazzareno sì rí ojú ara rẹ̀ tó tóbi lára ògiri. Ó sọ̀rọ̀, ẹnu tó wà lára ògiri ti pa dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tán. Ó yára sí i, ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu. Èémí rẹ̀ tán láàárín gbólóhùn, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọdé tó ń ka ìwé níwájú olùkọ́ tó le.

"Ọ̀fun ẹ ò burú, ọmọ mi," ni Ferruccio wí jẹ́jẹ́. "O ò kọ́ ọ ni."

Ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Tí n ò bá ní fẹnu ara mi sọ̀rọ̀, n ò ṣe mọ́. Èmi ni Rex Calder. Kí ẹ wá wo bí ẹ ó ṣe ṣe é láìsí mi."

"Ó dáa," ni Zaccagnini wí. Kò tilẹ̀ bínú.

Kí òtútù ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, fíìmù Rex Calder tuntun dé sinimá àdúgbò wọn. Nazzareno mú ìyá rẹ̀, wọ́n wọlé. Ọmọkùnrin ará Họ́ńgárì kan ló wà lórí ẹṣin, ó dé irú fìlà kan náà, orúkọ kan náà ni wọ́n pè é, ohùn Ferruccio náà ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nazzareno ń retí káwọn èèyàn súfèé, bí àwọn ará Róòmù ti máa ń ṣe tí wọ́n bá rẹ́ wọn jẹ. Wọn ò súfèé. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Rex ti dáa sí i," ni ẹnì kan wí níwájú wọn.

Ìyá rẹ̀ dì í lápá mú. "Ṣé wọn ò rí i pé kì í ṣe ìwọ ni?"

"Èyí tí wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀ náà, Màmá, èmi kọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sílé ẹ̀kọ́ eré. Loredana ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré. Olùkọ́ wọn kò bú u, ó kàn ní kó lọ jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní Texas. Ó fara dà á, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nazzareno kò lókìkí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ohun tó kọ́ ni pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá ń bá wa ṣe, tí a kò kọ́ fúnra wa, kì í ṣe tiwa, wọ́n sì lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbàkigbà tó bá wù wọ́n. Ní alẹ́ tó kọ́kọ́ dúró sórí ìtàgé, èrò kò pọ̀. Sora Elvira jókòó sẹ́yìn, níbi tí kò ti lè rí ojú òṣèré kankan dáadáa. Ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, obìnrin náà sì fọwọ́ kan ẹni tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi nìyẹn," ló wí.