Ojú Mẹ́fà ní Àlọ, Ojú Mẹ́fà ní Àbọ̀

Lọ́jọ́ tí ìkéde jáde láti ààfin pé kí wọ́n kó àwọn ọmọdé kúrò nílùú kí ọ̀tá tó yí odi ká, ọwọ́ Aláró wà nínú ìkòkò aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò rántí nù ún. Ó sáré wọlé, aró ń kán tẹ̀ lé e, ó sì bá ọmọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò.

"Ogun ti sún mọ́ odi," ló wí, "ẹ̀yin ń ta ayò."

Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. "Mo gbọ́. Ọmọ yìí ló kàn láti ta."

Ẹni tó bá mọ ọmọ náà kò ní bá Aláró wí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Wàràwàrà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, yóò ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, yóò wá padà wá béèrè pé kí ni wọ́n ní kí òun sọ. Ọ̀nà ọjà tó ń gbà lójoojúmọ́ pàápàá, ó ti sọnù níbẹ̀ rí. Nítorí èyí ni Ìyá Àgbà ṣe gbé ọpọ́n kalẹ̀, tó ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró, kí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ sùúrù. Láti ìgbà náà, ọ̀sán kan kì í lọ kí wọ́n má jókòó tira wọn. Lójú Aláró, ọ̀lẹ lásán ni, nígbà tí aṣọ wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá a sá.

Òfin Olórí Èrò, tí gbogbo ìlú ti mọ̀ láti ìgbà tí ìró ogun ti ń bọ̀, ló ń já a láyà lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yìí ló ń kó èrò gba ọ̀nà ìlú òkè, ibùsọ̀ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́fà. Ogun ti tú èrò rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan rí, àwọn ọmọ tí kò mọ̀nà kò sì padà wá mọ́. Ó wá búra pé ọmọ tí kò bá lè ka ibùsọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́sẹẹsẹ kò ní bá òun lọ. Àwọn àgbà kò sì lè lọ, torí gbogbo ẹni tó bá lè gbé òkúta ni yóò dúró ti odi.

"Mo ti kà á fún un títí ẹnu fi ń ro mí," ni Aláró wí. "Láàárọ̀ yìí náà, ó tún fi kànga ṣáájú àpáta. Màámi, wọn ò ní gbà á."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹnu ni ìwọ fi kà á fún un. Ẹ máa lọ."

Ẹnu bodè kún. Olórí Èrò jókòó sórí àpótí kan, eruku ọ̀nà ti sọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ di pupa. Ọmọ tó ṣáájú wọn gbàgbé ibùsọ̀ kẹrin, ìyá rẹ̀ sì fà á padà sílé. Aláró kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olórí Èrò."

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ọmọ, sọ ọ̀nà fún mi."

Wàràwàrà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbẹ́ ojú mẹ́fà sínú yanrìn, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń jù wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Etí odò. Àpáta méjì. Kànga gbígbẹ. Ahéré alágbẹ̀dẹ. Igi tí àrá là. Bodè ìlú òkè."

Aláró mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò dìde. Ó tún gbẹ́ mẹ́fà mìíràn sí òdìkejì.

"Kí lèyí?" ni Olórí Èrò bi í.

"Àbọ̀ ni, bàbá. Ọmọ ayò tó bá gba ìhín lọ, ọ̀hún ló ń gbà bọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ láti bodè ìlú òkè, ó sì kà á padà dé etí odò.

Ọkùnrin náà dìde lórí àpótí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì ka àbọ̀ fún mi rí. Ẹ gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ iwájú."

Ó yẹ kí inú Aláró dùn. Ìgbà tí wọ́n gbà á tán ló tó yé e pé ọmọ náà ń lọ lóòótọ́. Ó dì í mú léjìká, nígbà tó sì fi í sílẹ̀, ọwọ́ aró ti hàn gbangba lára aṣọ rẹ̀.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀tá fi dó ti ìlú. Ní oṣù kejì, wọ́n gbọ́ pé ogun ti tú èrò náà ká nítòsí igi tí àrá là. Ní oṣù kẹrin, Ìyá Àgbà kú. Igi ìdáná tán. Aláró fi ilẹ̀kùn dáná, ó fi àpótí dáná, níkẹyìn ó gbé ọpọ́n ayò, ó bẹ òkú ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun, ó sì fi ọpọ́n náà síná.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọ̀tá kúrò, àwọn ọmọ márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn wọ bodè, wọn ò kánjú. Ẹni tó wà níwájú ní ojú ọwọ́ aró tó ti ṣá ní èjìká aṣọ rẹ̀. Ogójì ọmọ ló lọ, márùn-ún yìí nìkan ló padà.

"Nígbà tí wọ́n ń sá, mo kọ́kọ́ jókòó," ni Wàràwàrà wí fún ìyá rẹ̀. "Mo wo ojú tí a wà. Ogun wà níwájú, la bá padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, a sì dúró níbẹ̀ títí ọ̀nà fi là. Ìyá Àgbà ní ìgbà míì wà téèyàn kì í ta, á kàn dúró ni." Ó wo inú ilé. "Wọ́n dà?"

Aláró dì í lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Ọpọ́n wa ńkọ́?"

"Mo fi dáná, ọmọ mi. Kò sí igi mọ́."

Ọmọ tí kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó jáde sí àgbàlá, ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ojú mẹ́fà, ó tún gbẹ́ mẹ́fà.

"Ẹ wá jókòó, màámi. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ta."

"N ò mọ̀ ọ́n ta."

"Ẹ má kánjú," ni Wàràwàrà wí. "Màá dúró dè yín."