Igba Ọmọ Tòmátì

Nígbà tí Labeebah kọ́kọ́ fojú kan Jibril, ńṣe ni ọkùnrin náà bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi ṣíji bo ọmọ tòmátì lẹ́yìn ọ̀kadà, ó wá gbé orí lásán wọnú oòrùn lọ. Ẹ̀rín pa Labeebah. Inú yàrá Labeebah nílé bàbá rẹ̀ ní Ẹdẹ ló ti tọ́ igba ọmọ tòmátì tí Jibril wá rà náà, nínú ọ̀rá omi, lẹ́bàá fèrèsé. Oko Jibril ní Alajue ló ń kó wọn lọ.

Ọjọ́ kẹta, Jibril padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Gbogbo wọn ló kú!"

"Ìgbà wo lẹ gbìn wọ́n?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sán gangan."

Labeebah káwọ́ lérí. "Háà! Ohun tí ò rí oòrùn rí láyé ẹ̀? Ẹ̀ bá kọ́kọ́ máa gbé wọn síta díẹ̀díẹ̀." Ó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni o. Mi ò sọ fún yín."

"Ẹ ṣáà kọ́ mi. Ẹ má sì tètè kọ́ mi tán."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tọ́ràn ń dùn! Ẹ̀kọ́ náà ò sì tán lóòótọ́. Kó tó pé oṣù méjì, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì, Jibril sì wá rí bàbá Labeebah, Alhaji Ọláníyan.

"Ẹni tó pa igba ọmọ tòmátì lọ́sàn-án kan ṣoṣo ni kí n fún lọ́mọ?" ni Alhaji wí. "Lọ tọ́ igba mìíràn fúnra ẹ. Bí wọ́n bá kú, má dé ibí mọ́. Labeebah, o ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni oúnjẹ ò fi dùn lẹ́nu Labeebah. Jibril ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i: "Olólùfẹ́, wọ́n ti yọ ewé mẹ́rin." Kò fèsì, torí ó ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀. Ó kàn ń wo fọ́tò náà títí.

Lọ́jọ́ tí Alhaji lọ wo oko náà, Labeebah tẹ̀ lé wọn. Tòmátì náà dúró ṣánṣán. Alhaji fọwọ́ kan èyí, wọ́n fọwọ́ kan tọ̀hún. Wọ́n ní káwọn mu omi, wọ́n bá wọ yàrá Jibril lẹ́bàá oko náà. Bẹ́ẹ̀dì wà nínàró lára ògiri. Pákó tó to ọmọ tòmátì sí kó tó gbìn wọ́n ló ṣì gba gbogbo ilẹ̀.

"Níbo lo wá ń sùn?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, sà. Yàrá yìí nìkan ló ní fèrèsé tó dáa."

Alhaji wo Jibril, wọ́n wo ọmọ wọn, tí omijé ayọ̀ ti gba ojú rẹ̀.

"Sọ fáwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá bá wa lọ́jọ́ Àìkú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ mi ò ní sùn lọ́dẹ̀dẹ̀."